Iná Tí Onípákó Ní Kí Wọ́n Pa

Ọkùnrin kan gbé ayé rí ní ìlú kan tí òkè yí ká. Pákó ni ó ń tà, pákó náà sì gbè é. Ó kọ́ ilé, ó fẹ́ aya, ó bímọ, ó sì gba ìyá rẹ̀ arúgbó sọ́dọ̀ kí ó lè máa tọ́jú rẹ̀. Síbẹ̀, ohun kan ń dùn ún. Ọkọ̀ akẹ́rù tí ó fi ń kó pákó náà ni ó ń gùn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bí ó bá sì bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, eruku pákó a ti kun agbádá rẹ̀ lẹ́yìn. Ó wu òun náà kí òun jáde nínú ohun tí ó mọ́.

Má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ ohun tí o bá wá. O ní kí n pe aya rẹ, kí n bá a wí, kí ó dẹ́kun ẹjọ́ tí ó ń rò sí ọ létí lójoojúmọ́ nípa ọmọ yín obìnrin. Màá dé ibẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ parí ti onípákó yìí ná.

Ó lọ sí ìlú ńlá, ó sì ra ọkọ̀ bọ̀gìnnì kan. Tòkúnbọ̀ ni. Àwọn òyìnbó ti gùn ún títí kí wọ́n tó gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi wá síhìn-ín. Ṣùgbọ́n ó dúdú, ó ń dán, awọ ni wọ́n fi ṣe ìjókòó rẹ̀, bí a bá sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kì í pariwo. Ẹni tí ó tà á fún un búra pé obìnrin ni ó gùn ún lókè òkun, pé kò tilẹ̀ gùn ún jìnnà. Mo máa ń rò ó pé ẹsẹ̀ ni àwọn ọkùnrin ọ̀hún fi ń rìn, nítorí gbogbo tòkúnbọ̀ tí wọ́n bá ń tà fún wa níhìn-ín, obìnrin ló gùn ún.

Nígbà tí ó gbé ọkọ̀ náà wọ̀lú, orúkọ rẹ̀ yí padà. Bọ̀gìnnì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Bí ó bá ń kọjá, wọn a ní, "Bọ̀gìnnì, ẹ káàárọ̀ o," òun náà a sì gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè. Bí ìyàwó bá fẹ́ gbéra nílé baba rẹ̀, ọkọ̀ onípákó ni wọ́n ń wá kí ó fi gbé e. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Àpọ́nlé náà ti tó o.

Ìyá rẹ̀ wàyí. Òun ni mo fẹ́ kí o fọkàn sí. Ojú òsì ìyá náà ti fọ́. Dókítà ní ìfúnpá inú ojú ni ó pa á, ó sì ti ń bẹ̀rẹ̀ lára ojú ọ̀tún. Ó ní èyí tí ó bá ti lọ nínú ìríran náà kì í padà mọ́, ṣùgbọ́n bí àwọn bá tètè ṣiṣẹ́ abẹ, èyí tí ó kù á dúró. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń ṣe é wà ní òdìkejì òkè. Dókítà tí ó mọ iṣẹ́ náà kì í gbé ibẹ̀, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ń wá láti ọ̀nà jíjìn, ọjọ́ tí ó bá sì dá fún ènìyàn, ọjọ́ náà ni.

Ìyá kò fẹ́ lọ. Ẹ̀rù ń bà á. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, ó wá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Bí ìwọ fúnra rẹ bá máa wà mí lọ, màá lọ. Mi ò ní wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn lọ síbi tí wọ́n ti máa fi ọ̀bẹ kàn mí lójú." Ọmọ ní òun gbọ́, òun á wà á lọ. Ọkọ̀ sì wà nílẹ̀, ta ni í ní ẹṣin tí í fi ẹsẹ̀ rìn?

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni iná pupa kékeré kan tàn níwájú rẹ̀ nínú ọkọ̀. Kò ju ọmọ ẹ̀wà lọ. Ọkọ̀ náà ń lọ, kò dún, kò mì. Iná náà kàn tàn, kò sì kú.

Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ìyẹn ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wò ó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ́ńjìnnì yìí ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ jẹ́ kí n tú u. A máa ránṣẹ́ sí Èkó fún ohun tí a máa fi sí i, ọkọ̀ á sì dúró lọ́dọ̀ mi fún ìgbà díẹ̀."

Onípákó gbójú sókè wo ibi tí ó dúró sí. Ẹ̀bá ọ̀nà ọjà ni ọgbà mẹkáníìkì náà wà. Kò sí ẹni tí ń lọ ra iyọ̀ ní ìlú náà tí kì í gba ibẹ̀ kọjá. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ń tú níbẹ̀, wọ́n ti yọ ẹsẹ̀ wọn, wọ́n gbé wọn sórí òkúta, ojú gbogbo ayé sì wà lára wọn. Ó ti ń gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn máa wí kí wọ́n tó wí i: ẹ wá wo Bọ̀gìnnì lórí òkúta. Ó ní, "Màá padà wá." Kò padà wá.

Ìyà tí ó jẹ ẹ́ láti ọjọ́ náà, mi ò lè sọ ọ́ tán. Kì í wo ọ̀nà mọ́, iná pupa ni ó ń wò. Bí ọkọ̀ bá gòkè, àyà rẹ̀ a máa já. Bí ó bá gbọ́ ìró kan tí kò gbọ́ lánàá, a pa rédíò, a tẹ́tí sílẹ̀ bí abiyamọ tí ń tẹ́tí sí èémí ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Ó ra ọkọ̀ kí ara lè dẹ̀ ẹ́, ara kò dẹ̀ ẹ́ rí. Ní ọjọ́ kan, alàgbà ìjọ rẹ̀ kan wọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ó ní, "Iná wo nìyẹn?" Onípákó ní, "Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lókè òkun nìyẹn." Irọ́ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀ wẹ́rẹ́, ìtìjú sì bá a sùn.

Aya rẹ̀ náà rí i. Ó ní, "Bàbá Ẹ̀bùn, ẹ gbé ọkọ̀ yìí lọ tún ṣe kí ọjọ́ tí wọ́n dá fún Màámi tó pé."

Ó ní, "Ṣé ìwọ lo bá mi ra ọkọ̀ ni? Má sọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí fún mi mọ́ nínú ilé yìí."

Aya náà dákẹ́. Ìwọ tí o jókòó síwájú mi mọ bí obìnrin ṣe ń dákẹ́ nígbà tí a bá sọ̀rọ̀ sí i bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ọkùnrin náà wá ṣe nìyí. Ó gbé ọkọ̀ lọ sí ìlú kejì, níbi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n, sọ́dọ̀ àwọn tí ń ṣe wáyà ọkọ̀. Ó na ìka sí iná pupa náà, ó ní, "Bá mi pa iná yìí." Ọkùnrin oníwáyà béèrè bóyá kí òun kọ́kọ́ wo ohun tí ó ń fà á. Ó ní, "Ṣé mo ní kí o wo nǹkan kan ni? Iná ni mo ní kí o pa." Oníwáyà ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn ibẹ̀, ó yọ gílóòbù kékeré náà, ó ní, "Iná ti kú, ọ̀gá." Onípákó dúpẹ́, ó sì fún un ní ohun tí ó pọ̀ ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó padà sílé, ó sì sùn bí ẹni tí ó sọ ẹrù kalẹ̀.

Wo èdè wa yìí. Iná ni a ń pe èyí tí ń tàn, iná náà ni a ń pe èyí tí ń jó. Bí o bá ní kí ọmọ lọ pa iná, á kọ́kọ́ bi ọ́ pé ti yàrá ni àbí ti ìdí ààrò. Ọmọdé mọ ìyẹn. Àgbà ọkùnrin yìí gbọ́ pé iná ti kú, kò sì bi ara rẹ̀ léèrè pé èwo nínú méjèèjì.

Ọjọ́ ìyá pé. Wọ́n gbéra ní òwúrọ̀. Ìyá jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ó wọ aṣọ funfun, ó di ọwọ́ mú lórí itan, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ibi tí iná pupa ti máa ń wà ṣókùnkùn, ọkàn onípákó sì balẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè.

Ìyá ní, "Àlàmú, nǹkan kan ń rùn."

Ó ní, "Àwọn tí ń sun oko ni, Màámi." Ó ti gíláàsì sókè, ó sì tún orin inú rédíò ṣe kí ó ròkè díẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí èéfín nínú oko kankan lọ́tùn-ún tàbí lósì. Ó mọ̀.

Wọ́n tún lọ díẹ̀. Ìyá tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa náà gbé imú sókè, ó ní, "Àlàmú, mo ní iná ń jó níbì kan."

Ó dá a lóhùn láìrò ó tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màámi. Mo ti pa á."

Ó gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ. Kò tíì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ohun tí ó tẹ̀ tí èéfín fi bo ojú gíláàsì, ọkọ̀ náà mì tìtì, ó dún gbà, ó sì kú sórí òkè.

Ó gbé ìyá rẹ̀ jáde, ó tẹ́ agbádá rẹ̀ sílẹ̀ fún un lábẹ́ igi. Ó dúró sí àárín ọ̀nà, ó ń na ọwọ́ sí gbogbo ọkọ̀ tí ń bọ̀. Àwọn kan kún. Àwọn kan rí ọkọ̀ ńlá náà, wọ́n rò pé ẹni tí ó ni irú rẹ̀ kò ní nílò ìrànlọ́wọ́ àwọn. Oòrùn mú. Ó padà síbi ẹ́ńjìnnì, ó ń fọwọ́ kan èyí, ó ń fọwọ́ kan ìyẹn, bí ẹni pé ẹ̀bẹ̀ ni yóò fi jí i.

Níkẹyìn ọkọ̀ tí ó kó iṣu dúró. Onípákó sọ fún ìyá rẹ̀ pé bóyá kí wọ́n padà sílé, nítorí ó rántí ohun tí ó wí nípa ọkọ̀ ẹlòmíràn. Ìyá ti dìde. Ó ń gbọn aṣọ rẹ̀. Ó ní, "Mi ò bá ọkọ̀ wá. Ojú mi ni mo bá wá. Gbé mi gòkè." Ó sì gun ọkọ̀ oníṣu.

Wọ́n dé ibẹ̀, dókítà ti lọ. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n fara balẹ̀, kí wọ́n dúró de ìgbà tí yóò tún wá. Ojú kò mọ̀ pé a ní kí ó dúró. Kí ìgbà náà tó pé, ìyá kò rí ẹni tí ó bá wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́, àfi ẹni tí ó bá dúró síwájú rẹ̀ gan-an.

Bí wọ́n ti ń padà bọ̀ lọ́jọ́ náà ni ìyá béèrè pé, "Kí lo ní o ti pa?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí mẹkáníìkì títí dé orí oníwáyà. Kò fi nǹkan kan pamọ́. Ìyá gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Èmi ń wá ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ kiri tí màá fi máa rí ojú rẹ. Èyí tí Ọlọ́run tàn fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́, ìwọ sanwó kí wọ́n pa á." Kò bínú nígbà tí ó sọ ọ́, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ó ṣeé gbà mọ́ra. Ọkùnrin náà sunkún nínú ọkọ̀ àjèjì, lójú ẹni tí ń wà wọ́n.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí ni èyí tí ó ṣe lẹ́yìn ẹkún.

Ó mú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, ó lọ so okùn mọ́ bọ̀gìnnì náà lórí òkè, ó sì ní kí ọmọṣẹ́ rẹ̀ fi fà á wọ̀lú. Ọjọ́ ọjà ni ó mú. Bí ó bá wù ú, ì bá gba ọ̀nà ẹ̀yìn ìlú. Ó gba àárín ọjà. Òun fúnra rẹ̀ ni ó jókòó sínú bọ̀gìnnì tí wọ́n ń fà, ó di ìtọ́kọ̀ mú, ó ṣí gíláàsì sílẹ̀. Wọ́n ní, "Bọ̀gìnnì, kí ló ṣe é?" Ó ní, "Ó ń ṣàìsàn. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe é, èmi ni mi ò jẹ́ kí ẹ gbọ́."

Nígbà tí ó dé ọgbà mẹkáníìkì, ó ní, "Tú u. Ibikíbi tó bá ti ń gbóná, tú ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, dá iná yẹn padà sí àyè rẹ̀."

Wọ́n gbé ọkọ̀ náà sórí òkúta. Ó pẹ́ níbẹ̀. Àwọn ènìyàn kọjá, wọ́n rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọdé fi ìka kọ orúkọ sí eruku ara rẹ̀. Onípákó padà sí ọkọ̀ akẹ́rù, eruku pákó padà sí agbádá. Àràárọ̀ ni ó ń gba ibẹ̀ kọjá, àràárọ̀ ni ó sì ń dúró kí mẹkáníìkì. Nígbà tí ó yá, ẹ̀rín sú àwọn tí ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì wá nǹkan mìíràn sọ.

O lè rò pé nígbà tí wọ́n tún un ṣe, wàhálà rẹ̀ tán. Kò tán. Ọkọ̀ tí ó ti gbó lọ́dọ̀ ẹlòmíràn kì í di tuntun lọ́dọ̀ ẹni. Nígbà tí dókítà tún dájọ́, tí onípákó sì ń gbé ìyá rẹ̀ lọ, ó ti kó kẹ́ẹ̀gì omi sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n sì ti gbéra kí ojú ọ̀nà tó là dáadáa. Lórí òkè náà, iná pupa tún tàn.

Ó dúró.

Ìyá ní, "Kí ló dé?"

Ó ní, "Ọkọ̀ ló ní ó rẹ òun, Màámi."

Ìyá ní, "Jẹ́ kó sinmi, kó má baà rẹ̀ ẹ́ jù." Ó tú àkàrà tí ó dì dání, wọ́n jọ jẹ ẹ́. Àwọn ọkọ̀ kékeré ń ré wọn kọjá, wọ́n ń fun fèrè, ẹnì kan tilẹ̀ pè é ní Bọ̀gìnnì láti ojú fèrèsé. Kò gbé ọwọ́ sókè, kò sì bínú. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, ó bu omi sí i, ó rọra tẹ̀ síwájú. Iná náà kú fúnra rẹ̀. Wọ́n bá dókítà níbẹ̀.

Èyí tí ó ti lọ nínú ojú ìyá náà kò padà. Èyí tí ó kù dúró, ó sì ń rí ojú ọmọ rẹ̀ bí ọmọ bá rántí dúró síwájú rẹ̀. Ọmọ náà kì í gbàgbé.

Ó tó báyìí. Jẹ́ kí n wá bá ọ sọ tìrẹ.

O ní aya rẹ kò jẹ́ kí o sinmi. O ní bí o bá ti ti ibi iṣẹ́ dé ni yóò ti bẹ̀rẹ̀: ọmọ yìí kì í bá wa jẹun mọ́, ọmọ yìí ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí, bí fóònù rẹ̀ bá dún, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. O ní o ti sọ fún un kí ó má dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nídìí oúnjẹ, kò gbọ́. O wá sọ́dọ̀ mi. Èmi ni mo so yín pọ̀, o sì mọ̀ pé bí mo bá sọ̀rọ̀, yóò dákẹ́.

Òótọ́ ni. Yóò dákẹ́. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní sọ ọ́. Oníwáyà kọ́ ni mí.

Mo mọ ohun tí ń bà ọ́ lẹ́rù. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ́ ṣe alága nínú ìjọ. Ilé rẹ ni wọ́n fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn tí wọ́n fẹ́ gbéyàwó. O kò fẹ́ kí wọ́n rí i lórí òkúta. Jẹ́ kí wọ́n rí i. Ẹnu wọn yóò sú wọn, ọmọ rẹ ni kò ní arọ́pò. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ìwọ sì ti ń sùn láti ọdún tó kọjá.

Má sọ fún mi pé kò sí nǹkan kan. Bí kò bá sí nǹkan kan, kí ni o bá wá síhìn-ín?

Lọ sílé nísinsìnyí tí ilẹ̀ kò tíì ṣú. Sọ fún aya rẹ kí ó jókòó, kí ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o sì pa ẹnu rẹ mọ́ títí yóò fi sọ ọ́ tán. Má ṣe wí pé kí ló tún dé. Bí ó bá parí, bẹ̀ ẹ́, nítorí o ti jẹ́ kí ó dá ru ẹrù náà pẹ́ jù. Lẹ́yìn náà, lọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá ọmọ rẹ, kí o kan ilẹ̀kùn. Má jágbe. Bí kò bá ṣí i, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́ bá ọ níbẹ̀, ó mọ́ bá ọ níbẹ̀. Jẹ́ kí ó gbọ́ pé o kò lọ.

Ilẹ̀kùn ni ọmọ náà tì. Òun fúnra rẹ̀ ṣì wà nínú ilé. Dìde.